Ẹ má tíì tẹ 1,000 CD yẹn

Arábìnrin tó kọ̀wé láti Ìkẹ́rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi orin ẹ̀mí yín àkọ́kọ́ lọ́lẹ̀, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ tẹ 1,000 CD tàbí kí ẹ kàn gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí wọ́n ti ń sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó ń ra orin mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sanwó fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Èmi àti ọkọ mi la jọ ta orin l'Ádó-Èkìtì, láti ayé àwo ńlá títí dé ọjọ́ tí a kó CD kúrò lórí àtẹ. Òun ló ń mójú tó ẹ̀rọ àti wáyà, èmi ni mo ń dá oníbàárà lóhùn tí mo sì ń gbowó. Ohun tí oníbàárà ń rò kó tó yọwó lápò, ojú mi ló ṣe.

Ẹni tó ní àwọn èèyàn ò ra orin mọ́ kò sọ ọ́ délẹ̀. Wọ́n ṣì ń náwó lórí orin, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ná ju ti àtijọ́ lọ láìmọ̀. Ọ̀nà tí owó ọ̀hún ń gbà ló yà. Bí ẹ bá mọ ibi tó gbà yà, ẹ ó mọ ohun tó yẹ kí ẹ fi owó tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ ṣe.

Ní ayé àwo, ọjà orin kì í ṣe ọjà ìkánjú. Oníbàárà á dárúkọ ohun tó fẹ́, màá yọ àwo náà nínú páálí, màá dì í mú létí kí ìka mi má kan ojú rẹ̀, màá yí i sí ìmọ́lẹ̀ kí òun náà rí i pé nǹkan kan ò ha á. Lẹ́yìn náà màá gbé e lé ẹ̀rọ. Ojú kan á tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ẹlòmíràn á sì jókòó gbọ́ ọ tán kó tó sanwó. Bó ṣe ń gbọ́ ọ ló ń ka ẹ̀yìn páálí: ta ló lu gángan, ta ló ta gìtá, ta ni wọ́n kì. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n kì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Olórin jùjú àti onífújì a máa dárúkọ àwọn ọlọ́lá nínú àwo. Bí orúkọ ọmọ Ìjerò tàbí ọmọ Ìkọlé kan bá jáde níbẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ á wá, wọn kì í sì í ra ẹyọ kan. Wọ́n á ra èyí tí wọ́n máa pín fún ẹbí, títí kan àwọn tí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi gbọ́ ọ nílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwo Elémùré Ògúnyẹmí, ọmọ Emùré-Èkìtì, tó ń fi ẹnu Èkìtì kọrin. Bàbá kan á gbé e dání, á wò ó títí, á ní, “Èyí ni mo fẹ́ gbé rulé.” Kò tíì gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ti òun ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó kan ìfilọ́lẹ̀ yín.

Ilé iṣẹ́ Philips ló gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963, àmọ́ lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn awakọ̀ ló sọ ọ́ di ọba ọjà. Àwo ò ṣe é gbọ́ nínú mọ́tò, kò sì ṣe é gbé lọ sóko. Kásẹ́ẹ̀tì ṣe méjèèjì. Nígbà tí Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ọmọ Ìpòtì-Èkìtì, gbé orin jáde ní 1998 lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí i, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wá bi wá. Orin Bọ́lá Àrẹ, ọmọ Èrìò-Èkìtì, náà ò kúrò lórí àtẹ wa títí kásẹ́ẹ̀tì fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Ohun kan wà nípa àwọn awakọ̀ yẹn tí n kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Awakọ̀ tó ń ná Adó sí Àkúrẹ́ á ju kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, oòrùn á máa pa á láti àárọ̀ dalẹ́. Ooru á mú téèpù inú rẹ̀, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ohùn akọrin á wúwo bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Nígbà mìíràn rédíò mọ́tò á fa téèpù náà jẹ, á lọ́ mọ́ra wọn nínú ibẹ̀. Kì í pẹ́ tí awakọ̀ yẹn á fi padà wá ra orin kan náà. Ẹ fi ọkàn sí ibi yìí dáadáa: apá tó pọ̀ nínú owó tí akọrin àti àwa oníṣọ́ọ̀bù ń pa nígbà náà, orí pé kásẹ́ẹ̀tì ń bàjẹ́ la ti ń pa á. Àwo ń ha, téèpù ń já, oníbàárà ń padà bọ̀. Orin inú fóònù kì í gbó. Ẹni tó bá ti ní i, ó parí síbẹ̀, ó sì lè fún ogún èèyàn kí tirẹ̀ má dín.

Ẹ̀dà ṣíṣe kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ayé kásẹ́ẹ̀tì, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ní dẹ́ẹ̀kì oníhò méjì. Oníbàárà á mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ, C60 tàbí C90 (ìyẹn oní 60 tàbí 90 ìṣẹ́jú), wọ́n á bá a da orin tó fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, bí orin bá gùn tó wákàtí kan, wákàtí kan ni wọ́n máa fi dà á kọ. Ẹ̀dà tó bá jáde á máa hó ṣíì lábẹ́ orin. Bí ẹlòmíràn bá tún da ẹ̀dà kọ látinú ẹ̀dà, ariwo yẹn á lé kún, ohùn á sì máa rì. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn orin rẹ̀ á padà wá ra ojúlówó. Ìnira yẹn ló dáàbò bo ọjà wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò mọ̀ nígbà náà.

Síídì ló ṣílẹ̀kùn fún ohun tó mú ìnira yẹn kúrò. Ilẹ̀ Japan ni Sony ti kọ́kọ́ tà á ní 1982, ó sì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwa. Èyí tó tà jù lọ́wọ́ wa ni VCD, torí àwọn èèyàn fẹ́ máa wo akọrin nínú tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ, àwọn olórin ẹ̀mí sì jàǹfààní rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń kà ni wọ́n fi kọ orin sínú síídì, nọ́ńbà ò sì ní ẹ̀dà àti ojúlówó. Kọ̀ǹpútà á da síídì kan kọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tó jáde á sì dún bákan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n dà á látinú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni MP3 dé. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Fraunhofer, ilẹ̀ Jámánì, wà lára àwọn tó ṣe é. Wọ́n rí ọ̀nà láti yọ ohun tí etí ènìyàn kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ kúrò nínú orin, tí orin náà á fi kéré sí nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá. Síídì tí kò lè gbà ju orin bí 74 ìṣẹ́jú lọ wá ń gba orin wákàtí mẹ́wàá ó lé.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe fún ojú oníbàárà. Síídì ayédèrú láti Alábá, ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, á dé, orin ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ á wà nínú rẹ̀, fújì, jùjú, orin ẹ̀mí, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Iye tí wọ́n ń tà á kò tó iye síídì akọrin kan ṣoṣo lọ́wọ́ wa. Oníbàárà á gbé méjèèjì sọ́wọ́ ọ̀tún àti ti òsì, á wò mí lójú, á ní, “Ìyá, kí ló dé tí tiyín wọ́n?” N kò lè bínú sí i. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di pé kì í ṣe orin ẹnì kan ló ń rà mọ́. Ọ̀pọ̀ orin ló ń rà.

Síídì yẹn ló dá ọ̀rọ̀ sí wa lọ́rùn. Owó tí a yá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la fi ra ọjà. Oníṣòwò tí a ti ń gba ọjà l'Ékòó ti ṣèlérí pé èyí tí kò bá tà, òun á gbà á padà. Nígbà tí ọjà kú, ó ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. A san gbèsè náà títí ó fi tán, àwọn síídì ọ̀hún sì wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn wa fún ìgbà pípẹ́, ike wọn ti pọ́n. Ìdí nìyí tí ara mi ò fi gbà á nígbà tí mo ka 1,000 nínú ìbéèrè yín.

Fóònù ló wá parí rẹ̀. GSM dé Nàìjíríà ní 2001. Nígbà tí fóònù tó ń lo mẹ́mọ́rì kádì wá pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, àwọn ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú laptop, ní ọ̀nà Ìwòrókò níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì pọ̀ sí, àti káàkiri Ọjà Ọba. Mẹ́mọ́rì 2GB lè gba orin bí 500. Mo dúró ti ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kan nígbà tí ìyá kan na mẹ́mọ́rì sí i.

“Ẹ bá mi kún un.”

“Orin wo lẹ fẹ́, mà?”

“Ṣáà kún un. Kí tìjọ pọ̀ níbẹ̀.”

Ó sanwó, ó lọ. Kò dárúkọ akọrin kankan. Ìyá yẹn kan náà, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ì bá jókòó lórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù mi, á ní kí n tún ẹsẹ kejì gbé padà. Owó jáde lápò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ rí i, àmọ́ ẹni tó kún mẹ́mọ́rì ló gbà á. Kọ́bọ̀ kan ò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọrin. Àwọn kan ní kí àwa náà gbé laptop síta. Ọkọ mi ní òun ò ní ṣe é, torí púpọ̀ nínú àwọn akọrin wọ̀nyẹn ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, a mọ ilé wọn. Mo dúpẹ́ pé ó rí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

A wá yí ọjà padà sí rédíò àti sípíkà. Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa rédíò kékeré oníhò mẹ́mọ́rì àti fúláàṣì yẹn, torí àwọn tó ń kọ nípa ọjà orin kì í rántí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló yí ilé àwọn àgbà padà ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Rédíò kásẹ́ẹ̀tì ńlá ń jẹ bátìrì ńláńlá mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, bátìrì náà kì í sì í pẹ́ rọ. Ti ìsinsìnyí, ẹ ó ṣáájì í lálẹ́ tí iná bá wà, bàbá á fi kọ́ ẹ̀ka igi lóko lọ́jọ́ kejì, orin á máa lọ títí tó fi máa ṣíwọ́. Owó bátìrì tó ń ná tẹ́lẹ̀ fún oṣù díẹ̀ ti tó ra rédíò náà. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ra CD yín láéláé, kò sì ní wọ íntánẹ́ẹ̀tì lọ wá yín. Ẹ má sì gbàgbé pé irú wọn ló kún ìjọ wa l'Ékìtì.

Ní òkè òkun, ìyípadà náà gba ibòmíràn. Napster dé ní 1999, àwọn èèyàn ń gba orin lọ́wọ́ ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ẹjọ́ dá sí i, wọ́n sì ti í pa ní 2001. Ní 2003 Apple ṣí iTunes Store, wọ́n ń ta orin kọ̀ọ̀kan ní 99 sẹ́ńtì. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ yé ra odindi àwo nítorí orin kan ṣoṣo tó dùn nínú rẹ̀. Wọ́n ń fi káàdì báńkì sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń dọ́ńlóòdù. Lọ́dọ̀ wa, mélòó nínú wa ló ní káàdì tó lè ra nǹkan lókè òkun nígbà náà? A fò ìpele yẹn. Orí àwọn ìkànnì bí NotJustOk àti Naijaloaded ni àwọn ọmọ wa ti ń dọ́ńlóòdù lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn akọrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ tilẹ̀ ń náwó kí orin wọn lè dé irú ibẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ wọ́n, kí wọ́n lè pè wọ́n sóde. Dátà ni ọmọ náà ń rà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì nígbà yẹn a máa dìde láàárín òru torí dátà òru ló dínwó, á dọ́ńlóòdù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí ẹ bá ṣírò ohun tó ń ná lóṣù, ó ju owó kásẹ́ẹ̀tì tí ìyá rẹ̀ ń rà lọ́wọ́ mi lọ. Òun gan-an á sì sọ pé òun ò ra orin rí láyé òun.

Dọ́ńlóòdù fúnra rẹ̀ náà ò pẹ́ lórí oyè. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tó fi máa di 2015, owó tó ń wọlé látorí orin tí èèyàn ń gbọ́ tààrà láìdọ́ńlóòdù ti kọjá ti dọ́ńlóòdù. Boomplay, áàpù tí èèyàn fi ń gbọ́ orin bẹ́ẹ̀, dé sórí fóònù àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 2015, Spotify tó jọ ọ́ ṣílẹ̀kùn fún wa ní 2021. Ẹni tó ń lò wọ́n kò ní orin kankan lọ́wọ́. Ọjọ́ tí dátà bá tán, orin tán, àyàfi èyí tó bá ti fi pamọ́ sórí áàpù náà.

(Ẹ̀yin tí ẹ ní àwo bàbá yín nílé, ẹ má tà á fún ẹni tó bá wá ń fi owó díẹ̀ kó o káàkiri abúlé. Ní 2022, iye àwo ńlá tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ju iye CD lọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1987. Àwọn tó ń wá àwo àtijọ́ ti ilẹ̀ wa mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ gbé e dúró lóòró, ẹ má tò wọ́n léra, kí ẹ sì tọ́jú páálí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń tọ́jú àwo fúnra rẹ̀.)

Ó wá kan tiyín, arábìnrin.

Ẹ tẹ CD 100, bí ìjọ yín bá tóbi, ẹ ṣe é 150. Bàbá tó gbé àwo Elémùré dání láìtíì gbọ́ ọ yẹn kò tíì tán láyé. Ẹni tó bá dìde níbi ìfilọ́lẹ̀ yín tó fún yín ní 20,000 náírà kò san án fún síídì. Ó san án nítorí yín, nítorí Ọlọ́run tí ẹ ń kọrin fún, àti nítorí pé gbogbo ìjọ ń wò ó. Ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí nǹkan tó dára gbé lọ sílé. Torí náà ẹ má fi ìwé lẹ́búlẹ́bú ṣe páálí rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó lu ìlù, tó ta gìtá, tó gbè yín lẹ́sẹ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn tó ràn yín lọ́wọ́, gàdàgbà. Ẹlòmíràn nínú wọn kò ní ẹ̀rọ tó ń gba síídì mọ́, mọ́tò tuntun àti laptop tuntun kì í sábà ní ihò rẹ̀, nítorí náà ẹ ṣe fúláàṣì díẹ̀ tó ní orúkọ yín lára fún àwọn onímọ́tò. Ìyẹn á tà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ohun tó máa ṣe yín láǹfààní jù rèé. Ẹ gbé laptop kan sí ẹnu ọ̀nà ìjọ lọ́jọ́ náà, kí ọmọ kan tó gbọ́n jókòó tì í pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń ka mẹ́mọ́rì, kó máa fi orin yín sí mẹ́mọ́rì àti fúláàṣì àwọn bàbá àti ìyá tó bá mú tiwọn wá. Ẹ fi iye owó lé e, kí ó má wọ́n. Ẹ kéde rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí wọ́n lè mú un bọ̀. Owó tí ìyá yẹn san fún ọmọ abẹ́ agbòòrùn, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ó gbà á.

Èyí tó bá kù nínú owó tí ẹ fẹ́ fi tẹ CD, ẹ fi ṣe fídíò orin kan tó mọ́ dáadáa fún YouTube, kí ẹ sì gbé gbogbo orin náà gba ọwọ́ àwọn tó ń pín in sórí Boomplay, Spotify àti Apple Music, irú bí DistroKid tàbí TuneCore. Ẹ ṣọ́ra gan-an níbi orúkọ: bí ẹ bá ti kọ ọ́ ní ọ̀nà kan, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ níbi gbogbo, torí bí orúkọ bá di méjì, owó náà á pín sí méjì, ìdajì rẹ̀ á sì ṣòro láti rí. Ẹ gba ISRC, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá orin mọ̀, fún orin kọ̀ọ̀kan; àwọn tó ń bá yín pín orin yẹn á fún yín. Ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2017 láti máa gba owó ẹ̀tọ́ àwọn olórin lọ́wọ́ rédíò àti àwọn mìíràn tó ń lo orin. Lórí WhatsApp, ẹ má fi odindi orin ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ fi ìṣẹ́jú kan ibi tó dùn jù sí i, pẹ̀lú líǹkì.

Mo ní ìbéèrè kan fún yín kí n lè bá yín ṣírò iye CD náà dáadáa: nínú àwọn tí ẹ ń retí níbi ìfilọ́lẹ̀ náà, mélòó ni àgbà tó ń lo fóònù onítẹ̀, mélòó ló sì wà lókè òkun tí kò ní lè wá? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí ẹ sì sọ iye tí ẹni tó fẹ́ bá yín tẹ CD náà ń béèrè fún 100, torí púpọ̀ nínú wọn ló máa ń sọ pé àwọn ò lè tẹ̀ tó kéré sí 500, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè tẹ̀ ẹ́.